Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ètò Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìṣirò Owó Nígbà Tí Ẹ Kò Tíì Mọ̀ Bóyá Ẹ Ó Dúró Nínú Iṣẹ́ Náà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí kò sì kọjá ẹ̀kọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Wọ́n á wo fídíò lálẹ́, wọ́n á tẹ ohun tí olùkọ́ tẹ̀, ohun tí olùkọ́ rí ni àwọn náà á rí, inú wọn á sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òpin oṣù bá dé, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń wá iye owó kọ̀ọ̀kan nínú Excel títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọn ò ní wo fídíò mọ́, ìbéèrè tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì tún gbérí: ṣé iṣẹ́ ìṣirò owó yìí ló tọ́ sí mi, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ máa kọ ètò kọ̀ǹpútà?

Lójú tèmi, ohun tó ń mú kí wọ́n kùnà ni pé wọ́n fẹ́ kí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọn dáhùn ìbéèrè yẹn, kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí pápá tí ọkọ̀ mìíràn kò sí. Ohun tó lè dáhùn rẹ̀ ni ètò kan ṣoṣo, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ, tó sì ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń san owó oṣù fún yín láti ṣe. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló máa fi hàn yín bí kíkọ kọ́ọ̀dù ṣe rí nígbà tí fáìlì bá dọ̀tí, òun náà ló sì máa fi hàn yín bí ìmọ̀ ìṣirò owó tí ẹ ti ní ṣe níye lórí tó.

Iṣẹ́ tí mo mú fún ìtọ́sọ́nà yìí ni fífi àkọsílẹ̀ báǹkì wé ìwé owó ilé-iṣẹ́, kí a lè mọ owó tó wà ní ọ̀dọ̀ báǹkì tí kò sí nínú ìwé, àti èyí tó wà nínú ìwé tí báǹkì kò rí. Bó bá jẹ́ pé owó ilé-ìwé tàbí ọjà inú ilé ìkẹ́rù ni tiyín, ìgbésẹ̀ kan náà ni. Orúkọ òpó (column) inú fáìlì nìkan ni ẹ máa yí padà.

Ohun tí ẹ nílò

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, èyí tó wà ní ibi iṣẹ́ náà ti tó. Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun, nítorí iṣẹ́ yìí kò wúwo.

Python, tí ẹ máa gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti python.org. IDLE, ibi tí ẹ ó ti máa kọ kọ́ọ̀dù, máa ń bá a wá, ó sì tó fún gbogbo ohun tó wà níbí.

Àkọsílẹ̀ báǹkì ti oṣù kan, ní fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín òpó rẹ̀ níyà. Ẹ má gba PDF. Kíka òǹkà láti inú PDF jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tó le ju èyí lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti rì. Ẹ béèrè CSV lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yín ní báǹkì, tàbí kí ẹ gbà á fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì báǹkì náà.

Ìwé owó ti oṣù kan náà, oṣù tí ẹ ti fi ọwọ́ parí, tí ọ̀gá sì ti fọwọ́ sí. Bó bá wà nínú Excel, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ ní “CSV UTF-8”. Ẹ má fi oṣù tó ṣì ń lọ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ nílò iṣẹ́ tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan àti bírò. Òun la máa lò fún iyèméjì yín ní Ìgbésẹ̀ 7, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú rẹ̀.

Wákàtí kan ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń jáde láti Ìkòròdù tàbí Mọwé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ sábà máa ń dé ibi iṣẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù; wákàtí yẹn dára ju ti alẹ́ lọ, nígbà tó ti rẹ ara tí iná sì lè lọ nígbàkigbà.

Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, ẹ̀kọ́ olówó iyebíye, tàbí ìwé ẹ̀rí kankan. Ẹ má san owó fún ohunkóhun títí ẹ ó fi parí Ìgbésẹ̀ 6.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ sórí ìwé

Kí ẹ tó fọwọ́ kan Python rárá, ẹ kọ ohun tí ojú àti ọwọ́ yín máa ń ṣe sílẹ̀ ní Yorùbá, ìlà kan fún ìgbésẹ̀ kan. Báyìí ni ó lè bẹ̀rẹ̀: “Mo mú ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ báǹkì. Mo wo nọ́ńbà ìtọ́ka rẹ̀. Mo wá a nínú ìwé owó. Bí mo bá rí i, mo wò ó bóyá iye méjèèjì bára mu. Bí wọ́n bá bára mu, mo fi àmì sí i.”

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tí ẹ bá ti fẹ́ kọ “mo kàn máa ń mọ̀.” Bí ìlà kan kò bá ní nọ́ńbà ìtọ́ka, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ ni ẹ máa ń wò, bí oníbàárà kan bá san owó lẹ́ẹ̀mejì nínú ọjọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa pe ẹni tó wà ní ẹ̀ka ọjà kí ẹ tó gbà pé kì í ṣe àṣìṣe. Kọ̀ǹpútà kò “kàn mọ” ohunkóhun. Gbogbo ohun tí ẹ bá lè sọ ní gbólóhùn, ẹ kọ ọ́. Èyí tí ẹ kò bá lè sọ, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí ó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ dín iṣẹ́ náà kù pẹ̀lú. Owó tó wọlé nìkan ni ètò àkọ́kọ́ yìí máa bójú tó. Owó tí báǹkì ń yọ fún iṣẹ́ rẹ̀, àti 50 náírà tí ìjọba ń gbà lórí owó tó tó 10,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọwọ́ ná.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí sísan owó fún oníbàárà ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí ètò tó ń fi nǹkan wé nǹkan bá ṣe àṣìṣe, ìwé nìkan ló máa dàrú. Bí ètò tó ń san owó bá ṣe é, owó ti jáde nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ fún àbúrò kan níbi iṣẹ́ ní ìwé náà pẹ̀lú ìlà mẹ́wàá. Bí ó bá parí rẹ̀ láì bi yín ní ìbéèrè kankan, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ẹ sì dáàbò bo fáìlì

Òfin Ààbò Détà Nàìjíríà ti 2023 kan orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn oníbàárà tó wà nínú fáìlì yín. Nítorí náà, ẹ má fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ẹ má gbé e lọ sílé nínú fláàṣì, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá (AI) kankan kí ẹ lè béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá ọ̀gá sọ kò yẹ kó gùn. “Ẹ káàárọ̀ mà. Mo fẹ́ gbìyànjú láti kọ ètò kékeré kan tí yóò máa bá wa fi àkọsílẹ̀ báǹkì wé ìwé owó. Oṣù tí a ti parí ni mo máa fi dán an wò, orí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ni yóò wà, n kò sì ní yéé fi ọwọ́ ṣe é bí a ṣe ń ṣe é títí ẹ̀yin fúnra yín ó fi sọ pé ó tó.” Kò sí ìdí tí ẹ fi máa sọ fún un pé ẹ ń ronú àtifi iṣẹ́ sílẹ̀. Iyèméjì yín kò kàn án, bí ẹ bá sì sọ ọ́, ohun tí ẹ bá kọ́ kò ní ṣe é ní inú dídùn mọ́.

Ẹ ṣí fódà méjì. Nínú èyí tí ẹ pè ní “ojulowo”, ẹ fi fáìlì bó ṣe wá láti báǹkì síbẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kó jẹ́ kíkà nìkan (Read-only, nínú Properties fáìlì náà). Nínú “adanwo” ni ẹ̀dà tí ẹ ó máa lò wà: ẹ pe ti báǹkì ní banki.csv, kí ẹ sì pe ti ìwé owó ní iwe.csv. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánrawò nílé, ẹ fọwọ́ ṣe fáìlì ayédèrú tó ní ogún ìlà, pẹ̀lú orúkọ tí kò sí níbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ fi irú ìdọ̀tí tó wà nínú ojúlówó sínú rẹ̀: àlàfo tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn nọ́ńbà, kọ́mà nínú owó, ìlà tí kò ní ìtọ́ka.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ gbìyànjú láti yí ohun kan padà nínú fáìlì ojúlówó kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Bí Windows kò bá gbà fún yín, ó ti dára.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi Python sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́

Bí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó, ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ má gba ẹ̀yìn wọn. Bí àpótí kékeré kan tó sọ pé “Add python.exe to PATH” bá yọ nígbà tí ẹ ń fi í sí i, ẹ fi àmì sí i, ẹni tó bá fò ó ló máa ń rí i lẹ́yìn náà pé òun tẹ “python”, Microsoft Store ló ṣí.

Ẹ ṣí IDLE, ẹ ṣí fáìlì tuntun láti inú File, ẹ tẹ print("Mo ti dé"), ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fódà “adanwo”, kí ẹ wá tẹ F5.

Ìkìlọ̀ méjì ló wà níbí, èkíní sì ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lágara. Ẹ má pe fáìlì yín ní csv.py. Nígbà tí ẹ bá sọ fún Python pé kó mú csv wá, fáìlì tiyín ló máa kọ́kọ́ rí, kò ní dé ọ̀dọ̀ ojúlówó, àṣìṣe tó sì máa jáde kò ní bá ohun tí ẹ ṣe jọ rárá. Ẹ pè é ní fiwe.py. Èkejì ni pé Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pa mọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ banki.csv lè jẹ́ banki.csv.csv. Ẹ lọ sínú View nínú File Explorer, ẹ sọ pé kó máa fi ìparí orúkọ hàn.

Ẹ lè fi àmì ohùn sí orúkọ nínú kọ́ọ̀dù, Python 3 kò ní bínú, ṣùgbọ́n mo fi wọ́n sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí nítorí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ púpọ̀ kò ní wọn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ jáde nínú fèrèsé kejì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka fáìlì báǹkì, kí ẹ sì fi iye rẹ̀ dán an wò

Ẹ kọ́kọ́ fi Notepad ṣí ẹ̀dà fáìlì báǹkì. Ẹ má fi Excel ṣí CSV kí ẹ sì tún tọ́jú rẹ̀. Excel máa ń rò pé òǹkà ni nọ́ńbà ìtọ́ka: ó máa ń gé òdo iwájú rẹ̀ sọnù, ó máa ń sọ èyí tó gùn di nǹkan bíi 1.23E+17, bí nọ́ńbà náà bá sì ju 15 lọ ní gígùn, àwọn tó kù lẹ́yìn á di òdo. Bí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn, ibi ojúlówó ni ẹ ó ti padà lọ mú un. Nítorí èyí nìkan, Ìgbésẹ̀ 2 ti san owó ara rẹ̀.

Nínú Notepad, ẹ wo ìlà tó wà lókè. Ọ̀pọ̀ báǹkì máa ń kọ orúkọ àkáǹtì, ọjọ́, àti owó tó wà nílẹ̀ síbẹ̀ kí orúkọ àwọn òpó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa wọ́n rẹ́ nínú ẹ̀dà yín, kí ìlà tó ní orúkọ òpó jẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú: bí ìlà àpapọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé yín kí ẹ tó pa á rẹ́.

Ẹ wá kọ èyí:

```
import csv

with open("banki.csv", encoding="utf-8-sig", newline="") as f:
    ila = list(csv.DictReader(f))

print(len(ila))
print(ila[0])
print(ila[-1])
```

Ọ̀rọ̀ “utf-8-sig” yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Fáìlì tí Excel kọ ní “CSV UTF-8” máa ń ní àmì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ojú kì í rí. Bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún Python, ó máa lẹ àmì náà mọ́ orúkọ òpó àkọ́kọ́, yóò sì máa sọ fún yín pé òpó tí ẹ ń wò lójú kòrókòró kò sí.

Bí àṣìṣe bá yọ, ìlà ìkẹyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kì í ṣe ti òkè. FileNotFoundError ń sọ pé orúkọ tàbí fódà kò bá ohun tí ẹ kọ mu. KeyError ń sọ pé orúkọ òpó ni kò bára mu, ó sì lè jẹ́ àlàfo kan ṣoṣo lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ló fà á. IndentationError ń sọ pé àlàfo iwájú ìlà kan kò bá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ kọ ìlà ìkẹyìn yẹn sínú ìwé kékeré yín pẹ̀lú ohun tó fà á. Nígbà tí ẹ bá fi rí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó ti ní ìdáhùn rẹ̀ ní èdè yín.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: iye ìlà tó jáde gbọ́dọ̀ bá iye tí ẹ kà nínú Notepad mu, láì ka ìlà orúkọ òpó mọ́ ọn. Ẹ má sọ pé “ó sún mọ́ ọn.” Ẹ̀yin ni oníṣirò owó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi fáìlì méjèèjì wé ara wọn

Ibí ni iṣẹ́ náà wà gan-an, kí ẹ má ṣe yára. Ẹ jókòó tì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni owó. Bí ẹ bá ní kí Python ro 0.1 + 0.2, ohun tó máa sọ ni 0.30000000000000004, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò lè fi ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú òǹkà onídẹ́símà mú ìdá mẹ́wàá géérégé. Fún ẹni tó ń ya àwòrán, kò burú. Fún wa, ìyàtọ̀ ni, iye méjì tó yẹ kó bára mu kò sì ní bára mu. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a sọ gbogbo owó di kọ́bọ̀, kí ó jẹ́ odidi òǹkà.

Ohun kejì ni owó tó fara jọra. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ Python máa ń lo set, irú àkójọ kan nínú Python, fún irú iṣẹ́ yìí nítorí ó kúrú, ṣùgbọ́n set kì í tọ́jú ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí báǹkì bá gba 50,000 náírà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìtọ́ka kan náà, tí ìwé owó sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, set yóò sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Counter ni ká lò, nítorí òun máa ń ka iye ìgbà.

```
import csv
from collections import Counter
from decimal import Decimal

def kobo(iye):
    return int(Decimal(iye.replace(",", "").strip()) * 100)

def ka(faili, opo_itoka, opo_iye):
    akojo = Counter()
    with open(faili, encoding="utf-8-sig", newline="") as f:
        for ila in csv.DictReader(f):
            if ila[opo_iye].strip() == "":
                continue
            itoka = ila[opo_itoka].strip()
            akojo[(itoka, kobo(ila[opo_iye]))] += 1
    return akojo

banki = ka("banki.csv", "Reference", "Credit")
iwe = ka("iwe.csv", "Ref", "Amount")

print("Owo to wole si banki:", sum(k[1] * n for k, n in banki.items()))
print("Banki ni, iwe ko ni:", banki - iwe)
print("Iwe ni, banki ko ni:", iwe - banki)
```

Ẹ fi orúkọ òpó tó wà nínú fáìlì tiyín rọ́pò “Reference”, “Credit”, “Ref” àti “Amount”, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, lẹ́tà ńlá ní lẹ́tà ńlá. Ìlà tó ní “continue” ló ń fo ìlà tí òpó owó tó wọlé ṣófo, ìyẹn àwọn ìlà tí owó ti jáde. Bí báǹkì yín bá ń kọ 0.00 síbẹ̀ dípò kí ó ṣófo, ẹ fi àmúyẹ mìíràn kún un láti fo òun náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo owó tó jáde ló máa yọ sínú èsì.

Bí InvalidOperation bá yọ, ohun kan tí kì í ṣe òǹkà wà nínú òpó owó: “NGN”, àmì náírà, àmì “-” tó dá wà, tàbí ìlà àpapọ̀ tí ẹ gbàgbé láti pa rẹ́. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ènìyàn ni ẹ fi ń fiwé, ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn àti àmì ìdí. “Adébáyọ̀” tí a tẹ̀ lórí fóònù àti “Adébáyọ̀” tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè jọra lójú, kí ọ̀nà tí a gbà tọ́jú àmì wọn sì yàtọ̀, Python á sì pè wọ́n ní ẹni méjì. Ohun tó ń tún un ṣe ni unicodedata.normalize("NFC", oruko), kí ẹ kọ import unicodedata sókè, kí ẹ sì lò ó fún fáìlì méjèèjì.

Ní ti ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, èmi kò rí i gẹ́gẹ́ bí èèwọ̀. Ẹ lè bi í léèrè ohun tí ìlà kan túmọ̀ sí, ẹ sì lè fi fáìlì ayédèrú yín hàn án. Àdéhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ bá ara yín ṣe: ìlà tí ẹ kò lè ṣàlàyé fún ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ wà nínú ètò tó ń kan owó ilé-iṣẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: àpapọ̀ owó tó wọlé sí báǹkì, ní kọ́bọ̀, gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ tí báǹkì fúnra rẹ̀ kọ mu. Lẹ́yìn náà, àwọn ìlà tí kò bára mu gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tí ẹ ti fọwọ́ rí lóṣù yẹn. Bí ètò bá rí èyí tí ọwọ́ kò rí, ẹ má kọ́kọ́ bú ètò. Ẹ lọ yẹ ìwé wò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ lò ó pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ fún òpin oṣù mẹ́ta

Ẹ fi ọwọ́ ṣe é, ẹ tún fi ètò ṣe é, kí ẹ fi èsì méjèèjì sínú fódà kan. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, nǹkan tuntun máa jáde: báǹkì á yí orúkọ òpó kan padà, ẹnì kan á tẹ ìtọ́ka pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, owó tó wọ báǹkì lọ́jọ́ ìkẹyìn oṣù á bọ́ sínú ìwé lóṣù kejì. Àtúnṣe wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀kọ́ tí fídíò kò lè kọ́ yín.

Ẹ má fi fèrèsé aláwọ̀ tàbí bọ́tìnnì kún un ní àsìkò yìí. Ẹ má sì ṣe kéde rẹ̀ kiri ilé-iṣẹ́ pé iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ kan ti ń parí kíá, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbé ti ẹ̀ka mẹ́ta mìíràn wá sórí tábìlì yín.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ bẹ ẹnì kan kó ba ìlà mẹ́ta jẹ́ nínú ẹ̀dà ìwé owó láì sọ fún yín. Kó yí kọ́bọ̀ kan padà, kó pa ìlà kan rẹ́, kó kọ ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ètò bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ ojú-ìwé kan nípa bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹ sì gbé e fún ọ̀gá.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wá wo iyèméjì náà

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré. Yàtọ̀ sí àṣìṣe, ẹ ti gbọ́dọ̀ máa kọ ohun méjì lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan: ohun tó gbà yín lákòókò jù, àti ohun tí ẹ kò fẹ́ fi sílẹ̀ nígbà tí àkókò pé. Ẹ má kọ “mo fẹ́ràn kọ́ọ̀dù” tàbí “iṣẹ́ yìí ti sú mi.” Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yí padà bí owó oṣù bá wọlé. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe.

Lẹ́yìn òpin oṣù kẹta, ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ìjókòó kan, kí ẹ sì máa bi ara yín léèrè bí ẹ ti ń kà á. Nígbà tí iye méjì kò bára mu, èwo ni ẹ kọ́kọ́ sáré lọ wò: ìdí tí owó fi yàtọ̀, tàbí ibi tí kọ́ọ̀dù ti kùnà? Nígbà tí àṣìṣe kan kọ̀ tí kò lọ, ṣé ẹ padà sí i lọ́jọ́ kejì láìsí ẹni tó rán yín? Bí wọ́n bá fún yín ní fáìlì ilé-ìwòsàn tàbí ti oko kòkó, tí kò ní owó kankan nínú, ṣé ẹ ó ṣì fẹ́ kọ ètò fún un?

Ẹni tí ìwé rẹ̀ kún fún ìdí tí owó fi yàtọ̀, iṣẹ́ ìṣirò owó kò tíì sú u. Títẹ nǹkan kan náà lójoojúmọ́ ló sú u, ètò sì ti gbé ìyẹn kúrò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá ti dé ìpele Professional nínú ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, mo rò pé kó parí rẹ̀, kó sì máa wo ọ̀nà àyẹ̀wò owó (audit) tàbí ti ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò owó, níbi tí àwọn tó mọ méjèèjì kò ti pọ̀.

Ẹni tí kọ́ọ̀dù ń fà, tó sì ń padà sí i láìsí ẹni tó rán an, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkójọ détà, àti Git, tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà inú kọ́ọ̀dù, ló kàn fún un láti kọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Paystack tàbí Moniepoint, kò lè ṣe kí ó má fi owó tí òun gbà wé owó tó wà ní báǹkì lójoojúmọ́. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ètò tirẹ̀ ní ohun tó lè sọ bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kí ó wá ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé kí ó tó wá ibi tí wọn kò ti ní bi í léèrè nípa ìṣirò owó rárá.

Ó tún kù àwọn tí ìwé wọn kò fi ìkankan hàn, àfi owó oṣù tí kò tó tàbí ọ̀gá tó le. Mo gbà pé ọ̀ràn ńlá ni, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀gá tó le wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ètò náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn nínú iṣẹ́ kan náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Ìkìlọ̀: ẹ má kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ òpin oṣù, nígbà tó ti rẹ̀ yín, ẹ má sì kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ètò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nígbà tí orí ń wú. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ ka iye oṣù tí owó tó wà nílẹ̀ lè gbé ilé yín láì sí owó oṣù, kí ẹ sì fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti owó ilé sí i.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tí ẹ ó máa ṣe ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé nínú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ, láì lo ọ̀rọ̀ “mi ò ní máa”. Bí ẹ bá lè kọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ tó bá gbólóhùn náà mu. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 1, kí ẹ mú owó tó ń jáde, èyí tí a fi sílẹ̀ fún ọwọ́, kí ẹ kọ ètò tirẹ̀ náà, kí ẹ sì tún gbólóhùn yẹn gbìyànjú lẹ́yìn òpin oṣù mẹ́ta mìíràn.